Àpótí Ìfọ́n-Ọ̀dà fún Iṣẹ́ Inú Yàrá: Ohun Tó Yẹ Ká Yẹ̀ Wò Ká Tó Náwó

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kò jẹ mọ́ ìṣirò owó ìpamọ́ bí a ti máa ń ṣe. Ìbéèrè kan ló dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yá owó ra àpótí tí a ń fọ́n ọ̀dà nínú rẹ̀, irú èyí tó kéré tó lè jókòó lórí tábìlì nínú yàrá. Ọ̀kan ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù, ó sì ń ya àwòrán sára táǹkì ọ̀kadà. Èkejì jẹ́ ìyá tó ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀kẹta, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, fàájì tirẹ̀ ni pé tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó máa to ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké jọ, á sì kùn wọ́n ní ọ̀dà. Àwọn ìgbìmọ̀ ò mọ irú nǹkan tí wọ́n ń wí, wọ́n wá ní kí èmi tí mo ti fi ọ̀dà jẹun láti ìgbà èwe mi ṣàlàyé. Mo gbà kíákíá, nítorí mo ní ìdí tèmi.

Oṣù kẹjọ ọdún 1983 ni, ọdún ìdìbò. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà rántí bí Ìlọrin ṣe rí. Ògiri wo ni kò ní àmì ẹgbẹ́ òṣèlú lára? Àwa akọsáìnì ò sùn. Yàrá kan ni mo háyà nínú ilé olójú-kojú kan ní Pàkátà, ibẹ̀ ni mo ń sùn, ibẹ̀ náà ni mo ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ń rọ̀, mo ti fèrèsé pa kí omi má bàa ta sí páálí tí mo ti gé lẹ́tà sí. Gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń kun mọ́tò ni mo yá lò, tínà ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀dà náà kó lè tètè gbẹ. Nígbà tó tó wákàtí kan, mi ò gbóòórùn kankan mọ́. Mo ní àṣé yàrá ti mọ́. Irọ́ ni, imú mi ló ti kú. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti mí. Ìyá kan tí a jọ ń gbélé ń se ọbẹ̀ lórí sítóòfù lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Mi ò tíì rìn dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo fi gbọ́ gbìì! Iná gba orí ilẹ̀ kọjá bí ejò, láti ìdí sítóòfù yẹn wọ inú yàrá mi lọ. Kọ́tìnnì jó, páálí jó, ẹsẹ̀ ìyá yẹn bó. Ọmọ rẹ̀ tó ń rákòrò, kò pẹ́ tí wọ́n gbé e kúrò lórí ẹní níbẹ̀ ni. Ọdún méjì ni mo fi san gbèsè ọjọ́ náà, títí di òní tí mo bá sì rí ìyá náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ máa fọ́n ọ̀dà nínú yàrá, mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àpótí yìí ń ṣe. Gọ́ọ̀nù tí àwọn èèyàn wa mẹ́ta yìí ń lò kì í ṣe ti àwọn tó ń kun mọ́tò. Èyí kéré, ó dà bíi bírò lọ́wọ́ ẹni, airbrush ni òyìnbó ń pè é. Ihò ẹnu rẹ̀ kì í ju bí ìdajì mìlímítà lọ, afẹ́fẹ́ tó sì ń lò kò pọ̀, bíi 15 sí 30 lórí wọ́ọ̀ṣì kọmpẹ́rẹ́sọ̀. Ọ̀dà tó wà nínú ife rẹ̀ lè má tó ṣíbí ìmukọ kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé kò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀dà náà ò já sórí iṣẹ́ tán. Apá kan bà lé iṣẹ́, apá kan fò lọ. Èyí tó fò lọ yẹn, nǹkan méjì ni, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dá lé.

Èkíní ni kùrukùru ọ̀dà, ìyẹn àwọn ẹ̀kán ọ̀dà wínníwínní tó ń léfòó. Èkejì ni tínà fúnra rẹ̀ tó ti di afẹ́fẹ́, tí ojú kò rí. Ẹ̀yin ìyá tó ń sẹ́ ògì, ẹ ó tètè yé mi. Tí ẹ bá da ògì sórí aṣọ asẹ́, eèrí á dúró, omidùn á kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni asẹ́ tó wà lẹ́yìn àpótí ìfọ́n-ọ̀dà. Kùrukùru ni eèrí, asẹ́ á mú un dúró. Afẹ́fẹ́ tínà ni omi, yóò gba inú asẹ́ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Nítorí náà, àpótí tó ní asẹ́ àti fáànù, ṣùgbọ́n tí kò ní páìpù tó jáde síta, kò ṣe nǹkan kan sí ọ̀rọ̀ tínà. Ó kàn ń dá a padà sínú yàrá lẹ́yìn tí ó ti yọ àwọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni. Ẹni tó ń lò ó á wá wo yàrá rẹ̀ pé ó mọ́ tónítóní, bí èmi náà ṣe rò lọ́dún 1983.

Àwọn kan ń ta asẹ́ oní-èédú, èédú tí wọ́n ṣe lákànṣe kó lè fa òórùn mọ́ra. Kì í ṣe irọ́, ó ń fà á. Ṣùgbọ́n èédú náà ń yó, tó bá sì ti yó kò ní pariwo fún yín pé òun ti yó. Èmi ò ní fi ẹ̀mí ọmọ mi sí abẹ́ rẹ̀.

Mo rántí ìtàn kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Dókítà kan wà ní ìlú Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Allen DeVilbiss lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1888 ló dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣe ohun tí a fi ń fọ́n oògùn sí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn. Ọmọ rẹ̀ Thomas ló wá yí ọgbọ́n kan náà padà sí gọ́ọ̀nù ìfọ́n-ọ̀dà nígbà tó yá. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà ọ̀fun ni ilé tí irú irinṣẹ́ yìí ti jáde wá. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ọ̀dà mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa bi ẹni tó fẹ́ ra àpótí ni pé, kí ló ń fọ́n? Tó bá jẹ́ ọ̀dà olómi, tàbí àwọ̀ tí a ń jẹ bíi ti ìyá oníkéèkì wa, kùrukùru ni ọ̀tá rẹ̀. Àpótí alásẹ́ lásán lè tó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kó jáde síta náà ló dára jù. Tó bá jẹ́ ọ̀dà oní-tínà, páìpù gbọ́dọ̀ jáde síta, kò sí àríyànjiyàn. Tó bá wá jẹ́ ọ̀dà oníméjì, èyí tí a ń po háádénà mọ́, tí wọ́n fi ń mú kí táǹkì ọ̀kadà máa dán gbinrin, a kì í fọ́n ọn nínú yàrá rárá, àpótí ìbáà wà. Kẹ́míkà kan wà nínú ọ̀pọ̀ háádénà náà tó ń jẹ́ isocyanate. Ó ń fa ikọ́ fée, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kéré jọjọ lè dá èémí rẹ̀ dúró lọ́jọ́ mìíràn. Kò ní òórùn tó lè kìlọ̀ fún èèyàn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ń lò ó máa ń fi páìpù fa afẹ́fẹ́ tútù láti ibòmíràn wá sí ojú òṣìṣẹ́. Ìbòmú aláṣọ tí gbogbo wa rà ní 2020 nígbà Kòrónà kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Kódà fún tínà lásán, ìbòmú tó ní agolo èédú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ni kí ẹ rà.

Ká ní a ti yanjú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ agbára fáànù ló kàn, ibẹ̀ sì ni àwọn olójà ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á kọ nọ́ḿbà kan sára páálí, wọ́n á fi CFM sí i nídìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ẹ fojú inú wo àpótí kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga. Mélòó irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó kún fún afẹ́fẹ́ ni fáànù náà lè gbé jáde ní ìṣẹ́jú kan? Ọwọ́ wa ló kù láti mọ̀ bóyá ó tó. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ní àwọn ilé iṣẹ́ ìfọ́n-ọ̀dà láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí afẹ́fẹ́ máa wọ ẹnu àpótí ní eré ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wọn ẹnu àpótí yín. Ká ní ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 1 àtààbọ̀ ní gíga. Ìlọ́po 2 nínú 1½ jẹ́ 3. Ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 300. Nítorí náà, fáànù tó máa gbé 300 CFM ni ẹ nílò. Tó bá jẹ́ òṣùwọ̀n mítà ni wọ́n kọ, ó súnmọ́ 510 ní wákàtí kan.

Ẹ má sáré sọ pé ẹ ti rí 300 lára páálí. Nọ́ḿbà tí wọ́n ń kọ, nígbà tí nǹkan kan kò dí fáànù lọ́nà ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá ti fi asẹ́ síwájú rẹ̀, tí ẹ so páìpù mọ́ ọn lẹ́yìn, tí páìpù náà wá kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé fèrèsé, agbára rẹ̀ á dín kù gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ 300 kó wá èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Páìpù kúkúrú, tó gbòòrò, tó lọ tààrà, ìyẹn ló dára. Èyí tó gùn tó sì dì bí ìfun ewúrẹ́ kò wúlò.

Ọgbọ́n kan wà tí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Dípò ká máa wá fáànù tó lágbára sí i, ká dín ẹnu àpótí kù. Ẹ fi páálí bo apá kan, kí ẹ ṣẹ́ ibi tí ọwọ́ àti iṣẹ́ lè gbà kù. Fáànù kan náà á fà á gírígírí, bí omi tó ń jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ dán àpótí wò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ mú tùràrí dání. Ìlọrin la wà, ilé wo ni kò sí tùràrí? Ẹ rí i dájú pé kò sí ọ̀dà tàbí tínà tó ṣí sílẹ̀ nítòsí o. Ẹ tan iná sí tùràrí, ẹ gbé e sí ẹnu àpótí náà, kì í ṣe nínú rẹ̀. Tí èéfín bá tẹ̀ wọlé tààrà láìṣíwọ́, láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dára. Tó bá ń yí ká, tó padà wá sójú yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ olójà, kí ẹ máa lọ.

Fáànù náà ńkọ́, irú wo ni? Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti gé ìdí àpótí páálí, tí wọ́n gbé fáànù orí tábìlì sí i. Fún àwọ̀ kéèkì, ó lè ṣe é mú jẹ. Fún tínà, ikú ni. Àwọn fáànù kan máa ń ta iná wínníwínní nínú bí wọ́n ti ń yí, pàápàá èyí tó ní kábọ́ọ̀nù nínú. Ẹ fi ojú inú wo afẹ́fẹ́ tínà tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí a ń wá ni fáànù tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́yìn òde ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, tàbí èyí tí wọ́n dì pa tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ó ṣeé lò fún ohun tó lè gbiná. Gílóòbù àti súìṣì náà, òde àpótí ni kí wọ́n wà, kí ìmọ́lẹ̀ gba inú gíláàsì wọlé. Ẹ sì rántí pé afẹ́fẹ́ tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ gbà. Mo ti sọ tèmi fún yín.

Ẹ tún wo iye iná tó ń lò. Ọjà tó wá láti Amẹ́ríkà, 120 ni iná tiwọn. Tiwa níbí, 230. Ẹ̀yin ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Wàyí o, ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń fi sínú páálí, nítorí pé àwọn tó kọ ọ́ kì í gbé ní ilé wa. Iná á lọ. Tí iná bá lọ, fáànù á dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kọmpẹ́rẹ́sọ̀ tó ní táǹkì ṣì ní afẹ́fẹ́ nínú! Gọ́ọ̀nù á ṣì máa fọ́n. Mo mọ̀ yín, mo mọ ara mi náà: a ó ní ká parí ìyókù tó kéré yìí, pàápàá tí oníṣẹ́ bá ń dúró níta. Ìgbà yẹn gan-an ni yàrá ń kún. Bí iná bá ti lọ, ẹ gbé gọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ẹni tó bá lágbára, kó fi bátìrì tàbí sólà gbé fáànù nìkan, nítorí fáànù kékeré kì í jẹ iná púpọ̀. Jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé tí páìpù ń gbà jáde, kí tínà má bàa lọ bá a, kí èéfín rẹ̀ náà má bàa wọlé bá yín.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé kò le. Tó bá jẹ́ fèrèsé lúfà, ẹ yọ gíláàsì méjì tàbí mẹ́ta, kí káfíńtà gé pákó fẹ́lẹ́ tó bá àyè náà mu, kó lu ihò páìpù sí i. Tó bá parí iṣẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ dá gíláàsì padà. Kí káfíńtà fi ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kékeré sí ẹnu páìpù lóde, tó jẹ́ pé ìta nìkan ló ń ṣí sí. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá bá wa, ti òjò ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá. Ẹni tí fèrèsé rẹ̀ bá kọjú sí ọ̀kan nínú méjèèjì láìsí ìlẹ̀kùn yẹn, ohun tó tì jáde ló máa padà wá bá a. Ẹ wo ohun tó wà níta fèrèsé náà pẹ̀lú: kànga, ilé ìdáná, ibi tí aládùúgbò ń sá aṣọ sí. Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tuntun lè wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí fáànù kò lè lé afẹ́fẹ́ jáde nínú yàrá tí kò sí ibi tí òmíràn ń gbà wọlé.

Asẹ́ kì í pẹ́ gbó níbí bíi ti ìlú òyìnbó. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, eruku ọyẹ́ nìkan tó láti dí i kí ọ̀dà tó dé ibẹ̀. Ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á já mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó ra àpótí pé ṣé a lè rí asẹ́ rẹ̀ rà ní Ìlọrin níbí, àbí ó di dandan ká ránṣẹ́ sí Èkó? Àpótí tí asẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé tí a lè gé fúnra wa sàn ju èyí tó ní asẹ́ onípáálí tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ń ṣe. Asẹ́ tó ti mu ọ̀dà olóró, ẹ má ká a sí igun yàrá. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó sì gbiná. Inú agolo omi tó ní ọmọrí ni kí ẹ rì í sí, kí ẹ gbé e síta.

Ṣé ká rà á ni àbí ká kàn án? Àwọn tí wọ́n ń tà, tó ń ká pọ̀ bí àpótí ìfàlọ́wọ́, ẹnu wọn kéré, fáànù wọn kéré, páìpù wọn náà tínrín. Fún kéèkì àti ọ̀dà olómi, wọ́n dára, wọn ò sì gba àyè. Fún ẹni tó ń lo tínà, mo fọwọ́ sí i kí wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ ṣe é, nítorí pákó ń mu ọ̀dà, ó sì ń jó. Káfíńtà àti wẹ́dà wà nínú ẹgbẹ́ wa yìí, owó náà kò ní jìnnà sílé. Fáànù nìkan ni kí ẹ má fi ṣe ọrẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ra ojúlówó.

Ìmọ̀ràn tí mo fún ìgbìmọ̀ rèé, àwọn ló kù tó máa pinnu. Kí wọ́n yá ìyá oníkéèkì lówó, kó ra èyí tó ń ká pọ̀, kó jẹ́ tuntun, kó má sì bá ẹnikẹ́ni pín in lò. Àpótí tí tínà bá ti wọ̀ rí kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ohun tí ènìyàn máa jẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba wa, tó bá gbà láti máa lo ọ̀dà olómi, kó lọ ra irú ti ìyá oníkéèkì. Tí kò bá gbà, kí ó fi àwòrán fèrèsé rẹ̀ hàn wá ná. Ọmọkùnrin tó ń kun táǹkì ọ̀kadà, mo mọ̀ pé yóò bínú sí mi. Yàrá tó ń sùn sí pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ jòjòló ló fẹ́ gbé àpótí sí, ọ̀dà oníháádénà ló sì ń mówó wọlé fún un jù. Mo ní kí ẹgbẹ́ má yá a lówó fún yàrá yẹn. Kí ẹ yá a lówó kó fi pa àtíbàbà sí ìta gbangba, kó ra ìbòmú gidi, kí iṣẹ́ háádénà máa wáyé níbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sí nítòsí. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ti wá bẹ̀ mí nílé. Èsì tí mo fún wọn ni mo kọ síbí.

Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ̀wọ́ mú ìwọ̀n fèrèsé wọn, ìwọ̀n ẹnu àpótí tí wọ́n fẹ́, àti agolo ọ̀dà tí wọ́n ń lò gan-an wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Agolo tó ṣófo ni o, ẹ má gbé èyí tó kún wọ gbọ̀ngàn wa.